Ajá Tí Wọ́n Pè ní Ẹlẹ́rìí

Ajá mi kì í bẹ̀rù ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ ló ti dàgbà, níbi tí katakata ti ń gbẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí tipa ń da yẹ̀pẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ń bú ara wọn tìyá-tìyá tí wọ́n tún ń bú bàbá mọ́ ọn. Kò sí èyí tó mú un gbọ̀n rí nínú gbogbo rẹ̀. Ṣàngótẹ̀dó la ń gbé nígbà náà, lásìkò tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́, tí eruku pupa máa ń bà sínú ọbẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ajá ilé lásán ni, abo, pupa rúsúrúsú. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, èmi àti òun nìkan la ni ín, n kò ní í fún ẹnikẹ́ni.

Nínú ilé wa, jẹnẹrétọ̀ ni aago oorun. Bí ìròyìn alẹ́ bá ti parí, ọkọ mi á jáde lọ sẹ́yìnkùlé, á pa jẹnẹrétọ̀, á yípo lọ ti géètì, á wo mọ́tò wò, á sì tọ̀ sára ògiri bí ẹni pé a ò ní ilé ìtọ̀. Lásìkò yẹn, èmi á ti mú tọ́ọ̀ṣì wọ balùwẹ̀ lọ fọ eruku ọ̀nà kúrò lára. Ìyá ọkọ mi á ti wà ní yàrá wọn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá náà á sì rìn lọ fúnra rẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Màmá, á pòyì díẹ̀, á sì sùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó ń rò ó.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, mo sì gbọ́ ohun kan tó ń kan ilẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́. Èékánná ajá mi ni. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ àga, ó sì ti tọ̀ sílẹ̀. Mo pè é, kò wá. Mo fà á jáde, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an kí n má baà lè wọ́ ọ. Nígbà tí mo gbé e dé orí ẹní, ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ tà. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo ajá àdúgbò ló ń bẹ̀rù ariwo, tèmi ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọ̀sán, á máa sáré kiri, á máa jẹun, á máa gbó àwọn kọ́lékọ́lé tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọkọ mi bá ti dìde lórí àga, tó sì nara, ajá náà ti mọ ohun tó kàn. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni Màmá, wọ́n mọ́ tónítóní, ọwọ́ wọn sì le bí ẹ̀mú. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì fọwọ́ dan-in dan-in mú un: bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, bàtà ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ wọn mọ́, nínú ẹrẹ̀ tàbí lórí ọ̀dà gbígbóná. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà tiwọn ní orúkọ ọ̀tá nínú, wọ́n kàn máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àga kan sílẹ̀ de àlejò.

Ọdún yẹn ni Màmá wá bá wa gbé, lẹ́yìn tí ìjọba wó ṣọ́ọ̀bù ọmọ wọn. Táìlì àti sìmẹ́ńtì ni ọkọ mi ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Katakata dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì ṣẹlẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà yẹn ni wọ́n wó, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó kù gbà pé ọ̀nà ló jẹ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyá ọkọ mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà kì í jẹ nǹkan lásán, ẹnìkan ní láti rán an níṣẹ́. Èmi sì rèé nínú ilé: oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi, kò sí ọmọ, ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Oniru ni, ibi tí àlejò ń gbà wọlé ni mo máa ń jókòó sí. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ wó, iṣẹ́ ìyàwó ṣì wà. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi ni mo gbé ajá náà mọ́ àyà, ó ń gbọ̀n, ìtọ̀ rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ní ẹ ò gbàgbọ́," ni wọ́n wí. "Ajá ò lẹ́nu tó máa fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó lójú. Ohun tí èèyàn ò rí, ó ń rí i. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìyàwó ló máa fọwọ́ kàn án kó tó máa tọ̀ sára?"

Mo ní, "Màmá, èmi náà ni mo máa ń gbé e lọ sùn. Ta ló tún fẹ́ kó tọ̀ sí lára?"

Ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Mo wo ọkọ mi kó rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, a máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí rẹ́rìn-ín ní bẹ́ẹ̀dì, àá fi pílò bo ẹnu kí Màmá má baà gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Sweetie, abeg, ẹ jẹ́ ká lọ sùn." Inú mi bà jẹ́ ju bí yóò ṣe bà jẹ́ ká ní ó gbá mi létí lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n lé nílé ọkọ lórí pé ológbò ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ajá jẹ́rìí síni nínú ilé, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ẹnu rò mọ́, nítorí ta ló máa bi ajá léèrè? Mo rí i kedere pé ọ̀nà kan ló kù fún mi. Bí ajá yẹn bá padà sùn, mo wà nílé ọkọ mi. Bí kò bá sùn, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ni mo bá dojú kọ ìtọ́jú ajá. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù táìlì ni, mo wá fóòmù àtijọ́ tẹ́ fún un. Mo ń mú un rìn lọ rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́ kó lè rẹ̀ ẹ́. Mo ń tètè fún un lóúnjẹ. Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀, mo fọwọ́ lé e láyà, mo sì ń bá a sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí ìgbọ̀nrìrì náà á fi rọlẹ̀. Bí ó bá ti rọlẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dìde lọ wẹ̀. Bí mo bá jáde, á tún ti padà sí bó ṣe wà, tàbí kó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá á gba ojú ilẹ̀kùn wò mí níbi tí mo jókòó sí, wọ́n á ní, "Ìyàwó ń bẹ ẹlẹ́rìí o." Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn, ká sọ òótọ́, ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni.

Àwọn kan tó ń tẹ́ táìlì ń ṣiṣẹ́ ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọkùnrin tó wá ṣiṣẹ́ láti Oǹdó, tí wọ́n ń sùn nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán náà. Àwọn náà ti gbọ́ ẹkún ajá mi. Ọ̀kan nínú wọn dúró lórí àkàbà láàárọ̀, ó pè mí. "Àǹtí, ẹ má dààmú ara yín mọ́ jàre. Ẹ gbé e fún wa. Nínú ìkòkò, á sùn fọnfọn." Àwọn tó kù fi ọwọ́ lu ara wọn. Mo ní kí ìyá rẹ̀ lọ sùn nínú ìkòkò. Ẹ̀rín wọn tún wá pọ̀ sí i. Ní òótọ́, inú àwọn yẹn ò burú, ebi ló ń pa wọ́n. Ẹni tó ń wo ajá bí ẹran, a mọ ibi tó wà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Ajah. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n nígbà náà, omi ń bọ́ níbẹ̀, ìpéǹpéjú sì ti wú. Dókítà là á wò, ó ní ojú ń ṣàìsàn, pé ajá tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn máa ń bẹ̀rù alẹ́. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, mo sì dì í mú. Mo ra fìtílà kékeré tó ń lo bátìrì, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹní. Kò yí nǹkan kan padà. Oògùn náà tiẹ̀ tán kíákíá, mo lọ rà á sí i nínú ọjà Ṣàngótẹ̀dó, mo sì ra ti Màmá mọ́ ọn, nítorí ojú tiwọn náà ti pọ́n kuku. Wọ́n ní eruku ọ̀nà ni. Wọ́n ń wọ gíláàsì dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ń ta oògùn bi mí bóyá àìsàn ojú ń ràn nílé wa. Mo ní, "Rárá o, eruku ni."

Nǹkan kan tún wà. Orí ajá náà ń rùn. Báàmù ni, irú èyí tó máa ń ta imú, tí Màmá fi ń pa orúnkún. Mo rò pé Màmá ń fọwọ́ pa á lórí nígbà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo ní bóyá ọkàn wọn ti ń rọ̀ sí àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni Màmá lọ ṣe ìsọjí. Ìjọ wọn kan tó wà ní Lakowe ló gbà wọ́n lálejò, wọ́n lọ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn ò sì dé títí di ọjọ́ Ajé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ kú, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo gbé e lọ sórí ẹní, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti sùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìgbọ̀nrìrì náà ò tó nǹkan. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, ó pòyì díẹ̀, ó sì ń hanrun. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún ayọ̀ lórí ajá.

Mo lọ bá ọkọ mi. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Èmi wà nílé. Èmi ni mo gbé e. Ó sì sùn. Kì í ṣe èmi ló ń bẹ̀rù."

Ó ronú sí i, ó sì mi orí. "Màmá ń gbàdúrà lọ́hùn-ún ni," ló wí. "Ṣé o ò rí i pé àdúrà ń ṣiṣẹ́ ni?"

Bí ọmọ odó bá wà nítòsí ni, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tí ǹ bá máa sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ mi yẹn gan-an ló là mí lọ́yẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo ń rò ó. Kí ló yàtọ̀ nínú ilé yìí? Èmi wà, òun wà, òkùnkùn wà, jẹnẹrétọ̀ kú bó ṣe ń kú. Ẹnìkan péré ni kò sí.

Màmá dé ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀, mo gbé oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ìròyìn parí, ọkọ mi nara, ó jáde. Ajá náà wọ abẹ́ àga. Mo fà á jáde, mo gbé e lọ sórí ẹní, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ń ṣomi. Mo wọ balùwẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ omi kí omi máa dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè pariwo, mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo sì jáde lẹ́sẹ̀ lásán.

Fìtílà kékeré tí mo rà fún ajá ló ń tàn. Màmá jókòó lórí àpótí, ajá náà wà láàárín orúnkún wọn. Wọ́n ti fi ọ̀já di ẹnu rẹ̀. Mo mọ ọ̀já náà. Wọ́n rà á lọ́dún tí wọ́n gbé mi níyàwó wọlé, de ọmọ tí mo máa bí, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ láti ọdún yẹn. Wọ́n ki ìka bọ agolo báàmù, wọ́n fi ra abẹ́ ojú ajá mi, ọ̀tún àti òsì. Wọ́n dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, kò sì jà, kò jà rárá, ó kàn ń gbọ̀n. Wọ́n wá mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n là á lójú, wọ́n sì ń ha ipin tó wà níbẹ̀ sórí aṣọ funfun kékeré kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń mú imí etí ọmọ. Nígbà tó tó wọn, wọ́n fi ìka kó o, wọ́n sì fi sínú ojú ara wọn.

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Láti kékeré la ti ń fi dẹ́rù ba ara wa, pé ẹni tó bá fi ipin ajá sójú, á rí ohun tí ajá ń rí. Ìyá ọkọ mi ń wá ojú tí wọ́n á fi rí mi lóru. Ipin ojú ajá tí ara rẹ̀ dá ò pọ̀ tó fún wọn, ni wọ́n bá ń fi báàmù fà á jáde lálaalẹ́. Ojú òsì ajá náà ò ríran mọ́ títí dòní. Ohun tó ń bẹ̀rù nìyẹn, ẹ̀rù ohun náà ni wọ́n sì fi ń pè mí ní àjẹ́.

Mo pariwo. N kò mọ ohun tí mo sọ. Ọkọ mi sáré wọlé láti géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń bèèrè bóyá olè ni. Mo fi ọwọ́ hàn án. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n rí fi pamọ́: ọ̀já, agolo báàmù, ẹyọ ìgbálẹ̀, ajá. Mo ní, "Ẹ wò ó o! Ẹ wo ohun tí ajá ń bẹ̀rù! Ṣé èmi ni?" Inú mi ń dùn, ẹ gbọ́ mi. Omi ń dà lójú mi nítorí ajá, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, nítorí mo mọ̀ pé mo ti bọ́. Ta ló máa rí irú èyí tó ṣì máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání?

Ó tan iná sí ojú ajá. Ó tan iná sí ojú ìyá rẹ̀, méjèèjì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ rí?"

Màmá nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. "N ò tíì rí nǹkan kan pàtó. Ó kàn ń ṣú. Ojú mi ti gbó, kò gbà á mọ́." Wọ́n wò ó pẹ̀lú àánú. "Ojú tìẹ ṣì mọ́."

Mo já aṣọ funfun náà gbà lọ́wọ́ wọn, mo nà án sí i. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, n kò pè é ní ìwọ rí níwájú ìyá rẹ̀. Mo ní, "Gbà. Fi sójú. Kí o wò mí dáadáa."

Mo rò pé ó máa jù ú nù. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé ó máa jù ú nù. Ó gbà á. Ó wá ibi tó pọ̀ sí lára aṣọ náà, ó fi ìka kó o, ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kán oògùn sí lójú, ó sì fi sínú ojú méjèèjì. Báàmù náà ta á, ó kérora, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó tan án sí mi lójú, ó ń ṣẹ́jú, ó sì ń wò mí. Mo dúró. N kò yí ojú, n kò fọwọ́ bo iná. Mo jẹ́ kó wò mí títí.

"Kí lo rí?" Màmá bi í.

Ó rìn sẹ́yìn lórí orúnkún rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Mo tú ọ̀já kúrò lẹ́nu ajá mi, mo gbé e, mo sì bi ọkọ mi ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ géètì sí.